Ọwọ́ Tó Wà Lẹ́yìn Ògiri

Láti ìgbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti gba ohùn lẹ́nu Màmá Onítáípù, gbogbo ẹni tó bá wọ yàrá rẹ̀ ló ń pariwo mọ́ ọn. Bẹ́ẹ̀ etí rẹ̀ ò ṣe nǹkan kan. Bí eku bá rìn lórí àjà, ó ń gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ọmọ aráyé, bí wọ́n bá ti rí ẹni tí kò lè fèsì, wọ́n á gbà pé kò lè gbọ́ náà nìyẹn, wọ́n á wá máa bá a sọ̀rọ̀ bí ẹni ń pe ará òdìkejì odò. Dókítà ń pariwo. Nọ́ọ̀sì tó ń wá tọ́jú rẹ̀ láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ ń pariwo. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, tí wọ́n jọ ń gbé inú ilé náà, tó yẹ kó mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ariwo lòun náà ń pa.

Apá òsì ò gbéra mọ́, ẹsẹ̀ òsì ò gbéra mọ́, ahọ́n wúwo lẹ́nu. Ọwọ́ ọ̀tún nìkan ló ṣẹ́kù. Àmọ́ irú ọwọ́ wo nìyẹn! Ọwọ́ tó fi tẹ táípù ní ọ́fíìsì títí tó fi fẹ̀yìn tì, tí àwọn ọ̀gá máa ń dúró sẹ́yìn àga rẹ̀ láti wòran, torí kì í wo ìka ara rẹ̀ tó bá ń ṣiṣẹ́. Ibẹ̀ ló ti rí orúkọ tí wọ́n ń pè é títí dòní.

Ìdí nìyẹn tí ọmọ rẹ̀ fi ra kíbọ́ọ̀dù tí kò ní wáyà fún un. Tẹ̀rín-tẹ̀rín ló gbé e wọlé, nígbà tí ẹ̀rín ṣì ń gbé ẹnu rẹ̀, kí ìyàwó rẹ̀ tó bínú kó jáde nílé.

"Màmá, ẹ wò ó! Kò sí wáyà kankan lára ẹ̀. Kò sí ohun tó máa lọ́ mọ́ yín lọ́rùn, kò sí ohun tí nọ́ọ̀sì máa fẹsẹ̀ kọ. Ẹ lè gbé e sórí itan, ẹ lè gbé e sáyà, ẹ lè wà lórí ìdùbúlẹ̀ kẹ́ ẹ máa bá wa sọ̀rọ̀ bó ṣe wù yín."

Ó fi nǹkan pẹlẹbẹ kan hàn án, kò ju èékánná àtàǹpàkò lọ. "Etí rẹ̀ nìyí. Ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà ni mo máa ki í bọ̀. Lẹ́tà tẹ́ ẹ bá tẹ̀, kíbọ́ọ̀dù á fọ́n ọn sínú afẹ́fẹ́ bí ilé iṣẹ́ rédíò ṣe ń ṣe é, àmọ́ kò sẹ́ni tó máa gbọ́ ọ. Etí yìí nìkan ló máa gbọ́ ọ, táá kọ ọ́ sójú kọ̀ǹpútà."

Màmá dán an wò. Ó rọ̀ lọ́wọ́, kò le bíi táípù àtijọ́ tó máa ń fẹ́ kéèyàn gbá a. Ó tẹ̀ ẹ́ pé: "Bí ẹlòmíì bá ń fọ́n tiẹ̀ nítòsí ńkọ́?"

"Háà, Màmá! Olóye ni yín o. Kíbọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan ló ní àmì tiẹ̀. Èyí tí wọ́n jọ ti ilé iṣẹ́ wá nìkan ni etí rẹ̀ máa ń dá lóhùn." Ó ti ń ṣe ojú bíi tíṣà. "Ó ń gba inú ògiri kọjá wọ̀ọ̀. Irin nìkan ló lè dí i lọ́nà. Bátìrì méjì péré, oṣù gbọọrọ ló máa fi ṣiṣẹ́. Ẹ rí iná kékeré yìí? Ó máa ń ṣẹ́jú tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́. Tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́ tí kò ṣẹ́jú, bátìrì ti kú nìyẹn."

Méjì ló wà nínú páálí tó rà lẹ́bàá ọ̀nà, páálí funfun tí wọn ò kọ orúkọ ilé iṣẹ́ kankan sí. Ó gbé ọ̀kan fún ìyá rẹ̀, ó gbé èkejì sórí tábìlì tirẹ̀ ní yàrá kejì, níbi tó ti máa ń fi gbogbo ọjọ́ jókòó, tó ń fèsì fún àwọn tó ra fìríìjì lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n sì ń ráhùn. Yàrá ńlá kan ni wọ́n fi pákó là sí méjì nígbà tí Màmá ṣàìsàn. Orí pẹpẹ tí wọ́n kàn mọ́ ògiri pákó yẹn ni kọ̀ǹpútà Màmá wà, ní ọ̀kánkán ibùsùn rẹ̀. Ti ọmọ rẹ̀ jẹ́ àpótí irin ńlá kan tó gbé sábẹ́ tábìlì, ẹ̀yìn irin náà ló sì ki etí tirẹ̀ bọ̀.

Gbogbo nǹkan lọ déédéé fún ìgbà díẹ̀. Màmá ń tọrọ omi, ó ń bá nọ́ọ̀sì ṣàwàdà, ó ń bá ọmọ rẹ̀ jà nítorí irùngbọ̀n tó fi sílẹ̀. Ó tún di èèyàn láàárín èèyàn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí òjò ń rọ̀, ọwọ́ rẹ̀ wà lábẹ́ aṣọ ìbora. Ó ń wo ojú kọ̀ǹpútà láìro nǹkan kan. Bẹ́ẹ̀ ni lẹ́tà kan jáde. Òmíràn tẹ̀ lé e. "títí ilé á fi ṣófo".

Màmá wo ọwọ́ rẹ̀ lábẹ́ aṣọ. Kò gbéra. Kíbọ́ọ̀dù wà lórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn án. Lójú rẹ̀ níbẹ̀, ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í parẹ́ láti ìdí, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, bí ẹni tó sọ̀rọ̀ tán tó ń rò ó pé kò yẹ kóun sọ ọ́. Ojú kọ̀ǹpútà tún funfun.

Nígbà tí nọ́ọ̀sì dé nírọ̀lẹ́, ẹ̀yìn ń ro Màmá gan-an. Ó tẹ̀ ẹ́ pé: "Ẹ̀yìn ń dùn mí, bá mi yí ẹ̀gbẹ́ padà." Nọ́ọ̀sì ṣì ń bọ́ ẹ̀wù òjò lẹ́nu ọ̀nà nígbà tí nǹkan kan bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ọ̀rọ̀ náà. Ó jẹ "padà," ó jẹ "ẹ̀gbẹ́," ó jẹ gbogbo ẹ̀ tán pátápátá. Ohun tó wá dípò rẹ̀ ni: "ẹ má ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ títí di ọ̀la".

Nọ́ọ̀sì kà á. "Màmá! Ilẹ̀kùn ta ni a ò ní ṣí?" Ariwo náà gba gbogbo ilé. "Ẹ má dẹ́rù bà mí o!"

Màmá mi orí, ó mi orí, ṣùgbọ́n ta ló ń ka orí tó ń mì? Nọ́ọ̀sì ti sáré lọ bá ọmọ rẹ̀. Wọ́n sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, àwọn tó ń pariwo mọ́ ọn látàárọ̀. Kò sẹ́ni tó rántí yí i padà, orí ẹ̀yìn tó ń ro ó náà ló wà títí ilẹ̀ fi ṣú.

Bó ṣe ń rí nìyẹn lójoojúmọ́. Ọ̀rọ̀ tí kò mọ̀ ń jáde, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ń parẹ́. Nígbà míì ìdajì ọ̀rọ̀ ló máa ń jáde, tí ìdajì yòókù á sọnù sójú ọ̀nà. "Kò sí ohun tá a lè ṣe sí i mọ́." "Ó ti gbó jù." "Ẹ gbé e síta, àwọn èèyàn wa á wá kó o." Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù ara rẹ̀. Ó rò ó pé bóyá ọwọ́ òun ló ń tẹ̀ ẹ́ lójú oorun. Ó tún rò ó pé bóyá orí òun ti lọ, tí kò sì sẹ́ni tó fẹ́ sọ fún òun. Ẹni tí ohùn rẹ̀ ti lọ, bí orí bá tún lọ, kí ló kù?

Fóònù ló tú àṣírí ọ̀rọ̀ náà. Ọ̀sán kan ni, lẹ́tà ń jáde gẹ́rẹ́gẹ́rẹ́, bẹ́ẹ̀ ni fóònù dún ní yàrá kejì. Lẹ́tà dúró láàárín ọ̀rọ̀. Àga ké, ọmọ rẹ̀ dìde, ó ní "Hẹ̀lóò," ó sọ̀rọ̀ díẹ̀. Àga tún ké. Lẹ́tà bẹ̀rẹ̀ níbi tó dúró sí.

Màmá pa ojú dé, ó tẹ́tí. Ẹni tó fi gbogbo ayé rẹ̀ jókòó sáàárín táípù, kò sí bí etí rẹ̀ ò ṣe ní gbọ́ ọ: tẹ-tẹ-tẹ, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, lẹ́yìn pákó. Ó la ojú. Bí ìró náà bá dún, lẹ́tà á jáde. Bí kò bá dún, kò sí lẹ́tà. Páálí funfun yẹn! Méjì nínú páálí kan, àwọn tó ṣe é ò sì yọ ara wọn lẹ́nu láti fún wọn ní àmì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Bí ọmọ òun bá ń pa ọ̀rọ̀ tirẹ̀ rẹ́, tòun náà ló ń parẹ́. Ilẹ̀kùn fìríìjì ni wọn ò gbọ́dọ̀ ṣí. Fìríìjì ló ti gbó jù. Ẹ̀rín fẹ́ pa Màmá, omijé sì ń bọ́ lójú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Orí òun pé! Orí òun ò lọ síbì kankan!

Ẹ̀rín náà ò tíì tán nígbà tí ọ̀rọ̀ mìíràn bẹ̀rẹ̀. Èyí kì í ṣe ti fìríìjì.

"Ẹ̀gbọ́n mi, orí Màmá ti dà rú. Ohun tí wọn ò mọ̀ ni wọ́n ń kọ. Ìyàwó mi ti tẹnu mọ́ ọn pé òun ò ní padà wálé títí ilé á fi ṣófo. Ilé Ìsinmi Àwọn Àgbà ní àwọn á rán èèyàn wá ní Ọjọ́rú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni."

Ẹ̀rín gbẹ mọ́ Màmá lẹ́nu. Ilé Ìsinmi! Ó mọ ibẹ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ lọ síbẹ̀, kò sì pẹ́ tó fi kọ̀ láti jẹun. Ilé yìí, òun àti olóògbé ọkọ rẹ̀ ni wọ́n jọ kọ́ ọ. Inú rẹ̀ ló fẹ́ kú sí, kò tọrọ nǹkan mìíràn mọ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Nígbà tí ọmọ náà gbé oúnjẹ wá, Màmá tẹ̀ ẹ́ fún un, ìka kan tẹ̀ lé òmíràn: "Ohun tí o ń kọ lẹ́yìn ògiri, mò ń rí i níbí."

Ó kà á. Ó tún un kà. Ó ti fẹnu ara rẹ̀ ṣàlàyé pé kíbọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan ló ní àmì tiẹ̀, kò sì wá sí i lọ́kàn pé tiwọn lè má rí bẹ́ẹ̀. Ojú àánú ló fi wo ìyá rẹ̀. "Ẹ SINMI, MÀMÁ," ló pariwo. Ó gbé kíbọ́ọ̀dù kúrò lórí itan rẹ̀ sórí àga, ó sì padà sí yàrá kejì. Láìpẹ́, ọ̀rọ̀ jáde lójú kọ̀ǹpútà: "Ẹ̀gbọ́n mi, ó ti burú sí i. Wọ́n ní àwọn ń rí ohun tí mò ń kọ lẹ́yìn ògiri."

Bí òótọ́ ṣe di wèrè nìyẹn. Màmá fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ̀rètí nù. Àmọ́ ó rántí ohun tí ọmọ rẹ̀ sọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́: irin nìkan ló ń dí i lọ́nà. Àpótí irin yẹn, àti bí ibùsùn òun ṣe jìnnà sí ògiri, ni kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ tòun dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Bí òun bá sún mọ́ ògiri, bóyá etí tirẹ̀ á gbọ́ òun. Ọmọ òun kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ẹni tó rẹ̀ ni. Bó bá sáà ti mọ̀ pé orí òun pé, ọ̀rọ̀ á bùṣe.

Lọ́jọ́ kejì ó tẹ̀ ẹ́ fún nọ́ọ̀sì kí ọmọ náà tó jókòó sẹ́nu iṣẹ́: "Oòrùn ń pa mí lójú. Bá mi ti ibùsùn mọ́ ògiri." Nọ́ọ̀sì tì í, ó ráhùn díẹ̀, ó lọ.

Màmá gbé kíbọ́ọ̀dù lé ìrọ̀rí, ó fẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan pákó, ó dúró. Nígbà tó yá, ìró bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ògiri. "Sí Ilé Ìsinmi. Ìyá mi ò mọ ẹni tí wọ́n jẹ́ mọ́"

Màmá ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. "Mo mọ̀. Ìyá rẹ nìyí. Inú páálí kan náà ni kíbọ́ọ̀dù méjèèjì ti wá, àmì kan náà ni wọ́n ní. Ọ̀rọ̀ rẹ ló ń jáde níbí. Orí mi pé."

Ó gbọ́ tí ọmọ náà mí kanlẹ̀. Lẹ́yìn náà, lójú kọ̀ǹpútà: "Màmá?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, ọmọ mi. Mi ò bínú. Mo mọ̀ pé ó ti rẹ̀ ọ́. Jẹ́ kí n kú sílé mi."

Màmá ń retí kí ilẹ̀kùn ṣí. Ó ti ń ro bí òun á ṣe fọwọ́ pa á lórí bí ìgbà tó wà ní kékeré, tó bá fọ́ nǹkan tó wá ń sunkún.

Ilẹ̀kùn ò ṣí. Lójú kọ̀ǹpútà, "sílé mi" parẹ́. "Jẹ́ kí n kú" parẹ́. "Bẹ́ẹ̀ ni, ọmọ mi" parẹ́. Kò yára, kò sì dúró, lẹ́tà kan lẹ́yìn òmíràn, títí dé "Mo mọ̀." Ó ku "Ìyá mi ò mọ ẹni tí wọ́n jẹ́ mọ́". Ó dúró síbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà, ọmọ náà fi àmì ìdánudúró sí i.

Màmá Onítáípù kò sunkún. Ọ̀rọ̀ náà ti kọjá ẹkún.

Ní àárọ̀ Ọjọ́rú, ọmọ náà wọlé, ó ti fá irùngbọ̀n rẹ̀. Ojú rẹ̀ pọ́n, kò wo ojú ìyá rẹ̀. Ó gbé kíbọ́ọ̀dù, ó ṣí ẹ̀yìn rẹ̀, ó yọ bátìrì méjèèjì, ó sì ki méjì mìíràn bọ̀ ọ́. "Mo pààrọ̀ bátìrì yín, Màmá," ló sọ, "kó má bàa kú mọ́ yín lọ́wọ́ lójú àlejò." Kò pariwo. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó máa rọra bá a sọ̀rọ̀ láti ìgbà tó ti ń ṣàìsàn. Bó ṣe jáde, Màmá tẹ lẹ́tà kan. Iná kékeré ò ṣẹ́jú. Ó tẹ òmíràn. Ojú kọ̀ǹpútà funfun gbòò.

Obìnrin tí Ilé Ìsinmi rán wá jẹ́ ẹni jẹ́jẹ́, ó sanra, ó ń mí hẹlẹ nítorí àtẹ̀gùn. Ó fa àga sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn. Ó kọjú sí ọmọ náà. "Lẹ́tà yín sọ pé wọn ò mọ nǹkan kan mọ́. Àmọ́ a kì í gba ẹnikẹ́ni láìjẹ́ pé a gbọ́ tẹnu ẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bọ́ sí yàrá kejì. Àwọn míì kì í lè sọ tinú wọn lójú ọmọ."

"Kò burú, mà," ni ọmọ náà wí. "Ara wọn ti yá díẹ̀ látàná. Ẹ bi wọ́n fúnra yín, ẹ máa rí i." Ó jáde wọ́ọ́rọ́wọ́. Màmá gbọ́ tí àga ké lẹ́yìn ògiri.

"MÀMÁ!" Òun náà ń pariwo, bíi gbogbo wọn. "Ṣé ẹ mọ ohun tí mo wá ṣe?"

Màmá ń tẹ kíbọ́ọ̀dù. Rárá, ló ń tẹ̀. Ẹ gbà mí. Ìka rẹ̀ ń sáré lórí bọ́tìnnì tó ti kú. Ojú kọ̀ǹpútà kọ ọ́ pé: "Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ wá mú mi lọ síbi tí wọ́n á ti tọ́jú mi."

"Orí yín pé dáadáa! Ṣé ẹ̀yin fúnra yín lẹ fẹ́ lọ, Màmá, àbí ẹnì kan ló ń lé yín?"

Rárá, rárá, rárá. "Èmi fúnra mi ni. Ọmọ mi ti gbìyànjú. Ó ti rẹ̀ ẹ́."

Obìnrin náà ń ka ojú kọ̀ǹpútà, ó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. Ìka Màmá ń lọ, ọ̀rọ̀ ń jáde. Ta ni yóò rò pé wọn kì í ṣe ara wọn? Ohun tó dun Màmá jù ni pé gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn, òótọ́ ni. Òun gan-an ló kọ́kọ́ sọ ọ́ fún un.

Ó dáwọ́ dúró. Ó ronú. Lẹ́yìn náà ó gbé ọwọ́ ọ̀tún kúrò lórí kíbọ́ọ̀dù, ó nà án sí obìnrin náà pẹ̀lú gbogbo agbára tó kù nínú rẹ̀. Obìnrin náà rò pé ìdúpẹ́ ni. Ó fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú. "Ẹ má ṣèyọnu, Màmá," ló pariwo, "gbogbo nǹkan máa dáa!"

"Ẹ ṣé, ọmọ mi," ni kọ̀ǹpútà kọ. "Ẹ jẹ́ ká lọ lónìí."

Obìnrin náà yíjú, ó kà á, ó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà dúró lẹ́nu rẹ̀. Ó wo ọwọ́ tó wà láàárín ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. Ó wo kíbọ́ọ̀dù lórí ìrọ̀rí, tí ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn. Ó wo ọwọ́ òsì tó nà gbalaja sórí aṣọ, tí àwọn ìka rẹ̀ ká kò. Lẹ́yìn náà ó wo ojú Màmá.

Kò rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Bó ṣe ń pariwo bọ̀ náà ló ṣe pariwo, ṣùgbọ́n ó di ọwọ́ Màmá mú gírígírí.

"Màmá! Ṣé ọwọ́ ọ̀tún yín yìí nìkan ló ń ṣiṣẹ́?"

Ìró dún lẹ́yìn ògiri, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́.

"Bẹ́ẹ̀ ni, ọmọ mi. Òun nìkan ló ṣẹ́kù fún mi."

Obìnrin náà ò fi ọwọ́ náà sílẹ̀. Ó yíjú sí ògiri pákó, níbi tí ìró náà ti wá. Ní yàrá kejì, àga ké díẹ̀, ọmọ náà ń dúró de ìbéèrè tó kàn. Ìgbà yẹn ni ẹkún tí Màmá ti ń gbé mì látàná tó bú jáde, ẹkún tí kò ní ohùn, torí ọmọ òun ni obìnrin náà fẹ́ wọlé lọ ká mọ́ ìdí kíbọ́ọ̀dù yìí, kò sì sí bí òun á ṣe pè é kó dáwọ́ dúró.